A Kì Í Pàṣẹ fún Oorun

Ẹni tí kò róorun sùn ló mọ òru jù. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti tọ́jú láti ìgbà tí mo ti wọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ọpọlọ, n kò tíì rí aláìsàn tó lè ro ẹjọ́ ara rẹ̀ kúnnákúnná tó bẹ́ẹ̀. Yóò sọ fún ọ pé aago méjìlá kọjá díẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ ilé kejì dákẹ́, pé aago kan àbọ̀ ni ọlọ́dẹ àdúgbò kọ́kọ́ lu irin, pé àkùkọ kan tí kò mọ àkókò kọ ní aago mẹ́ta, pé ojú òun ṣì là sílẹ̀ nígbà tí ládàánì pe ìrun àsùbáà. Ẹni tí inú ń run kì í ka iye ìgbà tó run ún. Ẹni tí kò sùn á kà á, á tún un kà, á sì fi ojú pípọ́n ṣe ìṣirò náà fún ọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè: “Mátírọ̀n, ẹ bá mi wá oògùn tí yóò mú mi sùn.”

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbọ́ gbólóhùn yìí, kò sì yí padà. Èsì tí àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí ń fún un ló ti yí padà, débi pé bí àwọn àgbà tó kọ́ wa bá tún padà wá sí wọ́ọ̀dù, wọn yóò bi wá léèrè bóyá a ṣì mọ iṣẹ́ náà. Èmi ní tèmi ti wá gbà pé ìbéèrè yẹn gan-an wà lára àìsàn náà. Ẹni tó ń wá ohun tí yóò mú òun sùn ti sọ oorun di iṣẹ́ tí a ń fi agbára ṣe, bẹ́ẹ̀ bí agbára bá wọ ọ̀rọ̀ oorun, oorun á jáde.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ aṣọ funfun, èsì náà rọrùn. Valium ni. Láti ọdún 1963 ni oògùn náà ti wà lọ́jà, nígbà tó sì fi máa kan ìran tiwa, kò sí kọ́bọ́ọ̀dù wọ́ọ̀dù tí a kò ti lè rí i. Bí alẹ́ bá lẹ́, a óò pín oògùn láti ìdí bẹ́ẹ̀dì kan dé èkejì, kò ní pẹ́ tí gbogbo ilé yóò fi dákẹ́ rọ́rọ́. Nọ́ọ̀sì tí wọ́ọ̀dù rẹ̀ bá dákẹ́ lóru ni nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a óò kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn òru pé aláìsàn sùn dáadáa, a óò fọwọ́ sí i, a óò sì fi lé àwọn ará òwúrọ̀ lọ́wọ́. Ta ló bi aláìsàn fúnra rẹ̀ léèrè? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ la fi ń wọn oorun nígbà náà.

N kò sọ pé òyìnbó ló kó oògùn oorun wá fún wa o. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ yìí ti mọ asofẹ́yẹjẹ tipẹ́. Gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n fi ń rọ wèrè tí kò fojú kan oorun. Lára ìbátan igi náà tó wà ní Íńdíà ni àwọn onímọ̀ ti yọ èròjà tí wọ́n pè ní reserpine jáde ní ọdún 1952, wọ́n sì lò ó káàkiri ayé fún àìsàn ọpọlọ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé ní ọdún 1960 nípa bí àwọn oníṣègùn wa ṣe ń lo tiwa. Ṣùgbọ́n oníṣègùn kì í di gbòǹgbò fún ènìyàn pé kó máa lọ jẹ ẹ́ nílé títí ayé. Ilé oníṣègùn ni irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ń gbé, ìṣojú oníṣègùn ni yóò ti mu ún, nítorí wọ́n mọ̀ pé igi náà lágbára. Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá ọkàn. (Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ohun tí mo kọ yìí gbé ọkọ́ lọ sínú igbó.)

Ohun tó jẹ́ tuntun ni oògùn tí kò ní olùtọ́jú. Lexotan, ìbátan Valium, ti di orúkọ tí ọmọdé mọ̀ nílé. Òfin ní kò gbọdọ̀ kúrò lórí káńtà láìsí ìwé dókítà, ṣùgbọ́n kẹ́mísìtì ìsàlẹ̀ àdúgbò á fi sísọ́ọ̀sì gé e fún ọ ní hóró méjì méjì. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, ẹnì kan á ti sọ láti ẹ̀yìn pé, “Ẹ fún un ní ìdajì Lexotan, ẹ jẹ́ kó sùn díẹ̀.” Opó tí kò sùn lọ́sẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ kú, kí ló ń ṣe é bí kò ṣe ohun tó yẹ kó ṣe é? Tẹ́lẹ̀, àwọn obìnrin ilé ni yóò tẹ́ ẹní tì í. Wọn yóò máa bá a sọ̀rọ̀ títí oorun yóò fi gbé e lọ, bí kò bá sì gbé e lọ, kò ní dá nìkan lajú sílẹ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ti tú ká. Òmíràn wà ní Lẹ́kí, òmíràn wà ní Houston, èyí tó kù nílé kò ní owó ọkọ̀. Hóró oògùn ló dúró nípò wọn.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè sọ̀rọ̀ oorun kí n má dárúkọ Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta. Láti ọdún 1954 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ó ṣètò pé kí àwọn aláìsàn máa gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí ìbátan kan ó kéré tán sì bá aláìsàn gbébẹ̀. Lójú ọ̀sán wọn á wá gba ìtọ́jú, bó bá di ìrọ̀lẹ́ wọn á padà sílé. Àwọn òǹkọ̀wé yin ètò náà fún oríṣiríṣi nǹkan: pé kò náni lówó púpọ̀, pé kò sọ aláìsàn di ẹlẹ́wọ̀n. Ibi tí èmi ń yìn ín sí ni òru. Aláìsàn ń sùn níbi tí ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ wà, tí ó ń gbọ́ tí ènìyàn ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, tí ewúrẹ́ ń ké níta. Ohun tí wọ́ọ̀dù wa tó dákẹ́ rọ́rọ́ kò ní nìyẹn.

Olùkọ́ àgbà kan wà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mú un wá, nítorí pé ó ti ṣubú ní balùwẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì ti ń pe ọmọ-ọmọ kan ní orúkọ òmíràn. Láti ayé ìjọba ológun ló ti ń lo Valium lálaalẹ́, inú agolo Bournvita ló ń kó o sí. Mo bi í pé, “Bàbá, ṣé ẹ ń sùn?”

Ó ní, “N kò sùn rárá.”

“Oògùn náà wá ńkọ́?”

Ó wò mí bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó béèrè ohun tí kò yẹ. “Bí n kò bá wá lò ó ńkọ́?”

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀, n kò rí ìwé tó sọ ọ̀rọ̀ náà dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn náà kò mú un sùn mọ́. Ẹ̀rù alẹ́ tí kò ní sí oògùn ló kù tó ń rà. Àwọn oògùn ìdílé yìí, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló yẹ ká fi lò wọ́n. Bí wọ́n bá pẹ́ lára, ara á mọ̀ wọ́n, agbára wọn á dín kù, àgbàlagbà á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ìrántí rẹ̀ á máa ṣe bàìbàì. Síbẹ̀, ẹni tó bá já wọn sílẹ̀ lójijì yóò rí nǹkan: ọwọ́ á máa gbọ̀n, àyà á máa já, gìrì tiẹ̀ lè mú un. Nítorí náà díẹ̀díẹ̀ la fi gba agolo Bournvita náà lọ́wọ́ bàbá, dókítà ń bu oògùn kù fún un láti oṣù dé oṣù. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi. Bàbá bá wa jiyàn lórí gbogbo ìdínkù, ó tún ń ṣàtúnṣe gírámà dókítà níbi tó ti kọ̀wé. Nígbà tó fi jáwọ́ pátápátá, àlá tí kò lá láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya bò ó. Ó padà wá béèrè bóyá oògùn àlá wà. Mo ní kò sí. Ó ní kí n tún ibi tí mo ti kàwé kà.

Kí la wá fi rọ́pò oògùn? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ láàárín èmi àtàwọn aláìsàn. Oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ènìyàn tó ti wọ mọ́tò láti Ṣakí, tó tò láti àárọ̀, tó wá gbọ́ pé kí òun máa dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì bí òun kò bá sùn, inú rẹ̀ kò ní dùn. Obìnrin kan sọ ọ́ sí mi lójú pé, “Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo sanwó káàdì sí?”

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà kì í ṣe lásán. Ní ọdún 1972 ni Richard Bootzin, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, là á sílẹ̀: má lọ sórí ibùsùn àfi bí oorun bá ń kùn ọ́, má ṣe ohunkóhun níbẹ̀ ju oorun àti ọ̀rọ̀ láàárín tọkọtaya, bí oorun kò bá wá, dìde, bọ́ síbòmíràn, kó o má padà àfi bó bá ń kùn ọ́, bó ti wù kí òru rí, àkókò kan náà ni kó o máa jí. Ní ọdún 1987 ni Arthur Spielman àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí tó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù kún un: ẹni tó ń fi wákàtí mẹ́sàn-án nà sílẹ̀ kó tó rí oorun wákàtí márùn-ún, kí ó dín wákàtí tó fi ń nà kù, kí oorun rẹ̀ lè fún pọ̀ sójú kan. Ìyẹn ni pé kí ẹni tí kò sùn pẹ́ níta. (Kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn: ẹni tó ní wárápá, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ máa ń gbóná sódì, àti ẹni tó ń wakọ̀ ọ̀nà jíjìn kò gbọdọ̀ dá a ṣe.) Wọ́n da àwọn ìlànà wọ̀nyí pọ̀ mọ́ títún èrò ọkàn ṣe, nígbà tó sì di ọdún 2016, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní American College of Physicians sọ pé irú ìtọ́jú yìí ló yẹ kí a kọ́kọ́ fún àgbàlagbà tí àìróorunsùn ti di bárakú fún, kó tó kan oògùn.

Àwọn bàbá wa ti ní ìdí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ wo ẹni tó ń bá ibùsùn jà: ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó ṣí fóònù wo aago, ó ṣe ìṣirò wákàtí tó kù, ó bínú, àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta irú rẹ̀, ibùsùn fúnra rẹ̀ ti tó láti lé oorun lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ fún mi pé àwọn ń tòògbé níwájú tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n pé bí orí bá ti kan ìrọ̀rí báyìí, ojú á là kedere. Wọ́n rò pé ẹnì kan ló ń ṣe wọ́n. Ibùsùn ló ti kọ́ wọn ní ìjà.

Èyí ló mú mi máa ronú nípa ẹní. Ní ayé tí a bí mi sí, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a óò ká ẹní nílẹ̀, a óò gbé e ti ògiri. Kò sí ẹni tó ń jẹun lórí ẹní oorun lọ́sàn-án, kò sí ẹni tó ń ṣírò owó ọjà lórí rẹ̀. Níbo ni yóò ti rí i? Àfi alẹ́. Ohun tí Bootzin ń fi ìlànà kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, ẹní ti ń fi kíká kọ́ wa. Bẹ́ẹ̀dì onífóòmù ńlá ló dé, a sì sọ ọ́ di pálọ̀, di ọ́fíìsì, di ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé lórí rẹ̀, ìyá ń fi fóònù tajà lórí rẹ̀, bàbá ń wo bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. N kò ní kí ẹnikẹ́ni padà sórí ilẹ̀ lásán; eegun àgbàlagbà kò gbà á. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìwé ìtọ́jú oorun kan tó mẹ́nu kan ẹní, ó sì yẹ kí ó wà níbẹ̀.

Ibi tí ìlànà òyìnbó náà ti ń kọsẹ̀ nìyí: ó gbà pé yàrá mìíràn wà. “Dìde, bọ́ síbòmíràn.” Níbo? Nínú ilé face-me-I-face-you ní Mushin tàbí ní Òkè-Àdó, níbi tí bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin ti ń sùn nínú yàrá kan, ẹni tó bá dìde yóò tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ̀fọn kún ìta, àwọn ọlọ́dẹ sì lè pè é lólè. Àwa ló ń bá wọn wá a: àga kan nídìí fèrèsé, tàbí ìjókòó lórí àpótí pẹ̀lú rosary tàbí tẹ̀súbà, tàbí kí ó kàn dìde jókòó kí ó fẹ̀yìn ti ògiri, kí ó ṣáà ti kúrò ní ìdùbúlẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ju bí mo ti rò lọ.

Ọ̀rọ̀ ogun òru kò ṣe é fò. Oníṣòwò aṣọ kan ní Ìbàdàn ń jí ní aago méjì òru lójoojúmọ́, òógùn á bo gbogbo ara rẹ̀, àyà rẹ̀ á máa já. Pásítọ̀ sọ fún un pé aago yẹn ni àwọn ayé ń ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ó máa dìde bá wọn jagun. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti ń fi alámù ṣọ́ aago méjì náà kí ogun má bàa bá a lójú oorun. N kì í bá pásítọ̀ jà. N kò gba owó oṣù fún ìyẹn, àdúrà kò sì pa ẹnikẹ́ni lára rí. Mo kàn bi í bóyá ó lè gbàdúrà náà kó tó sùn, kó wá fi ìṣọ́ òru lé Ọlọ́run lọ́wọ́, nítorí ìwé mímọ́ rẹ̀ sọ pé Ọlọ́run kì í tòògbé. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà la wá gbọ́ tìṣù tòkèlè. Nǹkan oṣù rẹ̀ ń dáwọ́ dúró, òun ló fa ooru àti òógùn náà. Bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ owó àwọn sogúndogójì, tí wọn kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun; ṣùgbọ́n olówó èlé tó ní oníbàárà òun kò ní sùn, òun máa ń sùn dáadáa ni. A bá a wá dókítà obìnrin fún ti ooru. Ní ti gbèsè, ilé ìwòsàn kò ní oògùn rẹ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló bá a dá sí i, wọ́n ní kó máa san án wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, oorun sì gbìyànjú láti padà.

Èyí kò ní kí n má sọ pé àìsùn mìíràn ń bẹ tó jẹ́ pé ojú fèrèsé àìsàn tó jù ú lọ ni. Ẹni tó ń sùn wọlé dáadáa, tó ń jí kí àkùkọ tó kọ, tí ayé sú, tí oúnjẹ kò wù, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló yẹ ká wá lọ síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà láìsùn fún ọjọ́ mẹ́rin, tí kò rẹ̀ ẹ́, tí inú rẹ̀ ń dùn, tó ń pín ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́, ẹ má fún un ní ìmọ̀ràn kankan, ẹ gbé e wá kíákíá. Ẹni tó ń hanrun tí èémí rẹ̀ ń dáwọ́ dúró lójú oorun, tó ń sùn lójú títì lọ́sàn-án, oògùn oorun lè ṣekú pa á. Kí a tó sọ pé ẹnì kan kò sùn, ká ti mọ ohun tó jẹ́ kó wà lójúfò.

Àwọn mìíràn sì wà tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n gbé màmá kan wá nígbà kan, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àwọn ọmọ ní kí á gún un lábẹ́rẹ́ kí ó lè sùn, nítorí pé aago mẹ́ta òru ló ń jí, tó ń gbálẹ̀, tó ń fọ abọ́, tó ń kọrin. Mo béèrè ìgbà tí màmá ń wọlé sùn. Wọ́n ní kété tó bá ti jẹun alẹ́ tán, aago mẹ́jọ. Mo bi màmá bóyá ó ń rẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án. Ó ní kò rẹ òun. “Àwọn ọmọ yìí ló ń rẹ̀.” Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi jí ní àkókò yẹn láti gúnyán, láti pọn omi, láti tètè débi ọjà, kò sí ẹni tó pè é ní aláìsàn nígbà náà. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ kan tí Jerome Siegel ti Yunifásítì California ní Los Angeles wà lára wọn, tẹ èsì jáde nípa oorun àwọn Hadza ní Tanzania, àwọn San ní Namibia àti àwọn Tsimane ní Bolivia, àwọn ènìyàn tí kò ní iná mànàmáná. Láàárín wákàtí 5.7 sí 7.1 ni wọ́n ń sùn lóru, ẹni tó ń ráhùn àìróorunsùn láàárín wọn kò sì tó nǹkan. Wákàtí mẹ́jọ tí gbogbo ènìyàn ń gbé kiri lórí bí òfin ti mú kí àwọn tó ń sùn wákàtí mẹ́fà, tí ara wọn dá ṣáṣá, wá máa to síwájú wa. Mo ní kí wọ́n máa jẹ́ kí màmá pẹ́ díẹ̀ lálẹ́, kí àwọn ọmọ náà sì wá ohun tí wọn yóò fi di etí.

Ọ̀dọ́ ló wá pọ̀ jù lára àwọn aláìsàn mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìyẹn sì ń bà mí lẹ́rù ju ti àgbàlagbà lọ. Kì í ṣe pé àwọn ọ̀dọ́ kò bá oorun jà rí. Prince tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kọ̀wé ní ọdún 1960 kan náà nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí orí wọn ń gbóná, tí ojú wọn ń ṣú bí wọ́n bá ti gbé ìwé. “Brain fag” ni wọ́n pè é. Àwọn tí wọ́n ń jẹ obì, tí wọ́n ń mu kọfí dúdú, tí wọ́n ń ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù kí wọ́n má bàa sùn nìyẹn, nítorí pé ọmọ tí gbogbo ilé dáwó rán níléèwé kò gbọdọ̀ fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n bí ìdánwò bá parí, ìjà parí. Ìjà tòní kò ní ìparí. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé Mowe tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island ti kúrò nílé kí aago márùn-ún tó lù, ó di aago mẹ́wàá alẹ́ kó tó padà, ó sì ní òun fẹ́ jẹ ayé òun díẹ̀ lórí fóònù kí òun tó sùn. N kò lè dá a lẹ́bi. Wákàtí yẹn nìkan ni ọ̀gá rẹ̀ kò ní lé e lórí. Èyí tó wá dé kẹ́yìn lára wọn ra aago ọwọ́ tó ń ka oorun. Bí aago náà bá sọ pé kò sùn dáadáa, inú rẹ̀ á bàjẹ́ títí di alẹ́, kò sì ní sùn. Mo ní kí ó bọ́ ọ sílẹ̀ fún oṣù kan. Ó ní báwo lòun ṣe máa wá mọ̀ bóyá òun sùn?

Bí ó bá ṣe èmi nìkan ni, ìtọ́jú ọ̀rọ̀ ẹnu yìí ni gbogbo wọn ì bá gbà. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjì ni dókítà fi ń kọ Lexotan sórí ìwé. Láti kọ́ ènìyàn kan bí yóò ṣe fi oorun sílẹ̀ kí oorun lè wá bá a, ó ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, pẹ̀lú ẹni tó ní sùúrù láti jókòó tì í, àwọn tó jókòó síta ń retí sì lè kún yàrá títí dé ẹ̀yìn ọgbà. Nílẹ̀ England, àjọ NICE, tó ń sọ ìtọ́jú tó yẹ kí ilé ìwòsàn ìjọba lò, fọwọ́ sí ètò orí fóònù kan tó ń jẹ́ Sleepio ní ọdún 2022 láti dúró nípò oògùn oorun. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́: fóònù tó lé oorun lọ ni wọ́n rán pé kó lọ mú un bọ̀. Ó lè wúlò fún ẹni tó ní dátà, tó gbọ́ èdè wọn, tí iná sì wà nílé rẹ̀. Oníṣòwò mi kò sí lára wọn.

Mo kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan ní iṣẹ́ yìí dáadáa kí n tó fẹ̀yìn tì, mo rò pé wọn yóò gbà á lọ́wọ́ mi. Ọ̀pọ̀ wọn wà ní Manchester àti Birmingham báyìí. Iṣẹ́ òru ló sanwó jù, òun ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ń pè mí lórí WhatsApp ní ọ̀sán gangan láti béèrè ohun tí wọn yóò ṣe kí wọ́n lè sùn. Mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, kí wọ́n má mu kọfí lẹ́yìn ìdajì iṣẹ́, kí wọ́n pa fóònù. Wọ́n ní àwọn kò lè pa fóònù, nítorí pé ìyá àwọn lè pè láti ilé.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ìyá wọn.